Aina Ọnàbólú: Ayàwòrán tí ó fi Gègé àti Ẹfun Jà

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọnà: Ọnàbánjọ, Ọnàfowókàn, Ọnàbólú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá kọbi ara sí àmì ohùn lè kà á sí ọ̀nà tí à ń rìn, ìtumọ̀ orúkọ náà a sì sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọnà tí à ń wí yìí ni èyí tí agbẹ́gilére ń fín sára òpó àti ilẹ̀kùn, èyí tí aláwọ ń tò sára tìmùtìmù, èyí tí aládìrẹ ń kọ sára aṣọ. Orúkọ ìdílé oníṣẹ́-ọnà ni. Mo mú ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nítorí pé ọkùnrin tí mo fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, Aina Ọnàbólú, ni àwọn kan ti fi ẹ̀sùn kàn pé ó pa ọnà baba rẹ̀ tì, ó sì lọ gba ti Òyìnbó. Ẹ̀sùn náà kò kéré. Ó tọ́ kí àwa tí à ń kọ́ èdè àti ìṣe Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbé e yẹ̀ wò dáradára, nítorí pé ẹ̀sùn kan náà ni wọn a máa fi kan ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá mú ohun àlejò lò.

Baba àwọn ayàwòrán òde òní ní Nàìjíríà ni à ń pe Ọnàbólú. Oyè tí ó tọ́ sí i ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pe ènìyàn ní baba tán, a kì í sábà bèèrè mọ́ pé kí ni ó ṣe gan-an. Mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ pé ọkùnrin náà kọ ìwé rí, tí wọn kò sì mọ̀ pé olùkọ́ ni ó jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí i sí ní ọdún 1882. Kò tí ì pé ọmọ ọdún 10 nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim dojú kọ àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, tí wọ́n sì ṣẹ́gun wọn. Kí ogun náà tó dé, àwọn Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ kí àlejò gba àárín ìlú wọn kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé rọ́ wọ ìlú, ìwé sì bá wọn wọlé, àwòrán sì wà nínú ìwé. Àwọn àwòrán wọ̀nyí ni ọmọ náà ń dà kọ. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Kò sí ẹni tí ó lè kọ́ ọ pẹ̀lú, nítorí pé àwọn tí ó mú ìwé náà wá, ìwé ni wọ́n mú wá, wọn kò mú ẹ̀kọ́ àwòrán dání.

Nígbà tí ó dàgbà, ó di akọ̀wé ìjọba ní Èkó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iṣẹ́ akọ̀wé ni òkè tí gbogbo ọmọ tí ó bá mọ ìwé ń gùn nígbà náà: ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ ìjọba, tí ó de táì, tí ó ń gba owó oṣù, kí ni ó tún ń wá? Ọnàbólú ń wá nǹkan mìíràn. Bí iṣẹ́ ọ́fíìsì bá parí, a tún jókòó ti pẹ́ńsùlù àti ọ̀dà rẹ̀. Ní ọdún 1906, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 24 tàbí kí ó tó pé bẹ́ẹ̀, ó fi ọ̀dà olómi ya àwòrán obìnrin ìlú Èkó kan, Ìyáàfin Spencer Savage. Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ ni. Ọwọ́ ẹni tí kò ní ọ̀gá ni ó yà á, síbẹ̀ kì í ṣe àwòrán ọmọdé rárá.

Kí a tó lè mọ bí nǹkan yìí ti tóbi tó, ó yẹ kí a rántí irú ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ní ọjọ́ wọnnì. Àwọn míṣọ́nnárì tí ó dé ilẹ̀ wa kò ka ère sí iṣẹ́ ọnà. Òrìṣà ni wọ́n kà á sí, iná ni wọ́n sì ní kí a fi sun ún. Ìwé kíkà, ìwé kíkọ, ìṣirò àti kátíkísìmù ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé, nítorí pé akọ̀wé àti katikíìsì ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Nígbà tí Ọnàbólú bẹ̀rẹ̀ sí bẹ àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n fi àwòrán yíyà kún ẹ̀kọ́ ilé-ìwé, wọn kò dá a lóhùn. Èrò àwọn púpọ̀ nínú Òyìnbó tí ó wà níhìn-ín ni pé ọwọ́ adúláwọ̀ lè gbẹ́ igi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò lè wo ènìyàn kí ó sì yà á bí ó ti rí gan-an; pé ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ga ju tirẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe rò pé àwọn aláìmọ̀wé nìkan ni ó ní irú èrò yìí. Jámánì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1910. Ọ̀mọ̀wé ni. Ó rí orí Olókun tí a fi idẹ ṣe, ẹwà rẹ̀ sì yà á lẹ́nu. Ṣùgbọ́n dípò kí ó bèèrè orúkọ asúdẹ tí ó ṣe é lọ́wọ́ àwọn Ifẹ̀, àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni ó gbé ògo náà fún, ó ní àwọn ènìyàn Atlantis tí òkun ti gbé mì ni ó wá tẹ̀dó síbẹ̀ rí. Ìyẹn ni pé bí iṣẹ́ wa kò bá jọ ènìyàn, a kò lè ṣe é; bí ó bá sì jọ ènìyàn, kì í ṣe àwa ni a ṣe é. Kí ni ènìyàn lè ṣe sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè tú u. Ọnàbólú fi àwòrán tú u.

Àwọn wo ni ó wá yà? Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni ó wù mí kí a dúró sí díẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni mo ti rò pé a rí ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn dókítà, àwọn lọ́yà, àwọn àlùfáà àti àwọn obìnrin ọlọ́lá ìlú Èkó ni ó ń yà. Àwọn tí ó ń ṣe lámèyítọ́ lónìí a máa sọ pé àwọn Òyìnbó dúdú ni wọ́n, pé olówó ni Ọnàbólú ń sìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ní nǹkan bí ọdún 1880, ọmọ Èkó tí ó kàwé lè dé ipò gíga nínú iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí ọ̀rúndún tuntun fi wọlé, ìlẹ̀kùn náà ti ń tì. Ní ọdún 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ oníṣègùn kan sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ṣe é ní òfin pé ẹni tí baba àti ìyá rẹ̀ kì í bá ṣe Òyìnbó kò lè wọ̀ ọ́. Dókítà adúláwọ̀ tí ó kàwé ní Edinburgh, tí ó gba ìwé-ẹ̀rí kan náà pẹ̀lú Òyìnbó, abẹ́ Òyìnbó tí kò tó o lọ́jọ́ orí ni yóò wà, owó rẹ̀ yóò sì kéré sí tirẹ̀.

Ọ̀kan nínú irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ ni Oguntọla Sapara. Ìdílé Ìjẹ̀ṣà ni, ṣùgbọ́n Sàró ni a bí i sí. Alexander Johnson Williams ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀; òun fúnra rẹ̀ ni ó bọ́ ọ sọ nù. Ọkùnrin náà ni ó fi ọgbọ́n wọ inú awo Ṣọ̀pọ̀ná ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ láti mọ bí àwọn kan ṣe ń tan àrùn náà kálẹ̀, ohun tí ó sì rí níbẹ̀ ni ìjọba fi ṣòfin lòdì sí i. Ènìyàn kò lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Òyìnbó dúdú kí ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ parí. Ní ọdún 1920, Ọnàbólú fi ọ̀dà elépo ya àwòrán Dókítà Sapara. Ojú ọkùnrin tí ó mọ ara rẹ̀ ni ó yà. Ìjọba lè kọ̀ láti fi Sapara sí ipò tí ó tọ́ sí i; ayàwòrán kò kọ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé: ṣebí àwọn ayafọ́tò ti wà ní Èkó kí a tó wọ ọ̀rúndún yẹn, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn ọlọ́lá sì ń lọ jókòó níwájú kámẹ́rà wọn, kí ni ẹni tí ó ní fọ́tò tún ń fi àwòrán ọlọ́dà ṣe? Ìbéèrè tí ó dára ni. Ìdáhùn tèmi ni pé fọ́tò kò dá ẹjọ́ náà. Nínú èrò àwọn ènìyàn ìgbà náà, ẹ̀rọ ni ó ń ya fọ́tò, Òyìnbó ni ó sì ṣe ẹ̀rọ. Bí ojú Sapara bá hàn kedere nínú fọ́tò, ògo kámẹ́rà ni. Bí ó bá hàn kedere lára aṣọ tí a fi ọ̀dà kùn, ojú kan ni ó wò ó, ọwọ́ kan ni ó yà á, ojú àti ọwọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú sì ni.

Ní ọdún 1920 yìí kan náà ni ó pàtẹ àwọn iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ará Èkó, ó sì tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó pè ní A Short Discourse on Art. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, nítorí pé àwọn tí ó ń bá jiyàn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iyì kan wà nínú kí ayàwòrán fúnra rẹ̀ mú gègé, kí ó ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, kí ó má dúró de àlejò tí yóò wá túmọ̀ rẹ̀. Àwọn babaláwo a máa ṣàlàyé Ifá, àwọn oníjálá a máa fi ẹnu ara wọn yin iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn agbẹ́gilére wa, igi nìkan ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí Frobenius fi lè gbé iṣẹ́ wọn fún ẹlòmíràn. Ọnàbólú kò fi àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Síbẹ̀ n kò ní tìtorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ kí n bo àlébù ìwé náà mọ́lẹ̀. Ó gbé àwọn ọ̀gá ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ga, ó sì fi ojú kékeré wo ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ṣe. Èyí dùn mí. Ní àkókò tí ó ń kọ ọ́, Olówè ará Ìsẹ̀ wà láyé, iṣẹ́ ńlá sì ń jáde láti ọwọ́ rẹ̀. Olówè ni ó gbẹ́ àwọn òpó àti ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Lára òpó kan, ó gbẹ́ ọba tí ó jókòó, ó sì mú ayaba tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ga ju ọba lọ. Ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ yóò mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀-ọ́n-ṣe. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìpàtẹ ńlá ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní ọdún 1924, ojú British Museum sì wọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fẹ́ kí ó padà wálé mọ́: ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ògògà gbà dípò rẹ̀. Lójú tèmi, Ògògà ni ó pàdánù nínú pàṣípààrọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ pé Ọnàbólú lọ jókòó ti Olówè fún oṣù kan péré, ìwé rẹ̀ ì bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n Èkó jìnnà sí Èkìtì nígbà náà ju bí ó ti jìnnà sí London lọ.

London ni ó sì lọ. Ẹni ọdún 38 ni, ẹni tí ó ti gbajúmọ̀ ní ìlú rẹ̀, tí ó sì ti lo ọdún púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1920 láti lọ jókòó lórí àga akẹ́kọ̀ọ́ ní St John's Wood School of Art. Ó dé Paris pẹ̀lú, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Académie Julian. Ní ọdún 1922 ó gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, ti iṣẹ́ ọnà àti ti olùkọ́, ó sì padà wálé. N kò lè ṣe aláì yìn ín fún ìpadàbọ̀ yìí. Ní ọdún 1922 náà ni ó ya àwòrán tí ó pè ní Sisi Nurse, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ dáradára nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kí ó lè máa ya àwòrán olówó nìkan ni ó ṣe lọ gba ìwé-ẹ̀rí. Ó mọ̀ pé bí òun bá kú láìkọ́ ẹnikẹ́ni, wọn yóò sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni ó ṣèèṣì mọ̀ ọ́n.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní Èkó: C.M.S. Grammar School, King's College, Eko Boys' High School, ilé-ìwé àwọn ọmọkùnrin ti Wẹ́sílì. Òun nìkan ni. Bí ó bá kọ́ níbí tán, a tún mú ẹfun rẹ̀, a gba ọ̀hún lọ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí a mọ̀ pé wọn kì í fi olùkọ́ sílẹ̀ láìfún un ní orúkọ ìnagijẹ, sọ ọ́ ní Mr. Perspective, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ni ó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ ṣáá.

Kí ni perspective yìí? Ẹ lọ dúró sí àárín ojú irin rélùwéè kí ẹ wo ọ̀kánkán. Àwọn irin méjèèjì kò súnmọ́ ara wọn. Bí wọ́n bá súnmọ́ra, ọkọ̀ yóò ṣubú. Síbẹ̀ ojú rí i pé wọ́n ń súnmọ́ra díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi pàdé níbi tí ilẹ̀ àti sánmà gbé fẹnu kanra. Òpó tí ó wà nítòsí ga, èyí tí ó jìnnà kúrú, bẹ́ẹ̀ ni bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ga. Ẹni tí yóò ya èyí sórí bébà pẹlẹbẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ibi kan nínú àwòrán, kí ó jẹ́ kí gbogbo ilà tí ń jìnnà lọ máa darí síbẹ̀, kí ó sì fi rúlà wọn bí nǹkan yóò ti máa dín kù sí. Ó jọ ìṣirò. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ yé, a lè sọ ilé, gbọ̀ngàn tàbí òpópónà di ohun tí ènìyàn rò pé òun lè rìn wọ inú rẹ̀. Ó ní nǹkan tí ó ń kọ́ ni yàtọ̀ sí àwòrán pẹ̀lú: pé ibi tí ènìyàn dúró sí ni ó ń sọ ohun tí yóò rí. Agbẹ́gilére Yorùbá kò bá ojú lọ báyìí; ohun tí ó mọ̀ ni ó ń gbẹ́. Ọba tóbi nítorí pé ọba ni, ì báà wà lọ́nà jíjìn. Orí tóbi ju ara lọ nítorí pé orí ni ó gbé ni wá sáyé. Ọgbọ́n méjì ni. N kò rí ìdí tí ọmọ kan kò fi lè mọ méjèèjì.

Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù fún un, Ọnàbólú rọ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ àwòrán mìíràn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ràn án lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ ní ọ̀tẹ̀ yìí. Ní ìparí ọdún 1927, Kenneth Murray gúnlẹ̀ sí Nàìjíríà. Ìtàn ní ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀: ẹni tí Ọnàbólú fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ wá ni ó wá tako ohun tí ó ń kọ́ni.

Murray kì í ṣe ọ̀tá wa. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tí ó ń kà mí. Bí ó ti dé ilẹ̀ yìí ni ó fẹ́ràn ère wa, ìkòkò wa, aṣọ wa. Ó rí i pé wọ́n ń run, ó sì rò pé àwòrán bí ti Òyìnbó ni yóò pa wọ́n tán pátápátá. Nítorí náà, dípò kí ó kọ́ àwọn ọmọ ní perspective, ó ní kí wọ́n ya ìgbésí ayé abúlé wọn bí ó ti bá wá sí wọn lọ́kàn, kí wọ́n má fi ti Òyìnbó ṣe àwòkọ, kí wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìlú wọn. Ó kọ́ni ní Ìbàdàn, ó kọ́ni ní Umuahia. Ní ọdún 1937, ó kó iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ márùn-ún lọ pàtẹ ní Zwemmer Gallery ní London. Lẹ́yìn náà ó fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣọ́ àwọn ohun àtijọ́ wa: òun ni ó wà nídìí òfin ọdún 1953 tí kò jẹ́ kí a máa kó wọn jáde bí ẹni ń kó iṣu, òun náà ni ó wà nídìí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí ní Èkó ní ọdún 1957. Ẹni tí ó bá bú Murray kò mọ oore.

Ṣùgbọ́n oore kò sọ pé kí ènìyàn jàre nínú gbogbo ẹjọ́. Ohun tí Murray ń sọ, bí a bá tú u wò, ni pé àwòrán tí ó jọ ohun tí ojú rí jẹ́ ti Òyìnbó, ọmọ Áfíríkà tí ó bá sì ń yà á ti kúrò ní ààyè rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé Ọnàbólú kò lè ṣe é. Nísinsìnyí tí ó ti ṣe é, Murray ní kò yẹ kí ó ṣe é. Ọgbà kan náà ni wọ́n yí i ká. Ti ìṣáájú, ẹ̀gàn ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ti ìkẹyìn, ìfẹ́. Ẹni tí ó wà nínú ọgbà kò rí ìyàtọ̀.

Ta tilẹ̀ ni ó sọ pé jíjọ ènìyàn kì í ṣe ti wa? Ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ilẹ̀ la, orí ère onídẹ sì ń jáde lẹ́yìn ara wọn, ojú wọn rí bí ojú ẹni tí a lè kí kí ó sì dáhùn. Kò sí perspective nínú wọn, ṣùgbọ́n jíjọ wà níbẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 600 sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ọ̀wọ̀, bí ènìyàn ńlá bá kú, wọn a máa gbẹ́ àkó rẹ̀, wọn a wọ̀ ọ́ ní aṣọ òkú náà, ojú rẹ̀ a sì jọ ojú olóògbé débi tí ẹkún yóò tún sọ nínú ilé. Nígbà tí Robert Farris Thompson ará Amẹ́ríkà sì ń bi àwọn Yorùbá léèrè ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970 pé kí ni ń mú kí ère dára, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún un ni jíjọra: kí ère jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ẹnì kan jù. Àwọn ènìyàn wa ti ronú lórí ọ̀rọ̀ náà dáadáa kí Murray tó dé. Wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n fẹ́ kí ó jọ, wọ́n mọ ìgbà tí wọn kò fẹ́. Ọnàbólú fẹ́ kí ó jọ, ìdí rẹ̀ sì wà.

Ẹ tún wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Murray fúnra wọn. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tí mo wí ni Ben Enwonwu, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn. Kò pẹ́ tí ó fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ tí ó fi kọjá sí Slade ní London láti lọ kọ́ ohun tí Murray kò fẹ́ kọ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni a ti rí ère Ọbabìnrin Elizabeth, ọwọ́ rẹ̀ náà ni a ti rí Tutu, àwòrán ọmọbìnrin ọba Ifẹ̀ kan, tí a tà ní London ní ọdún 2018 ní owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 1 pọ́n-ùn. Àwòrán ojú ènìyàn ni, bí Ọnàbólú ti fẹ́ kí a máa yà á.

Lára àwọn tí ó tẹ̀ lé Ọnàbólú, Akinọla Laṣekan ará Ọ̀wọ̀ ni mo fẹ́ràn jù láti dárúkọ. Láti ọdún 1944 ni ó ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ nínú West African Pilot, ìwé ìròyìn Azikiwe. Òyìnbó tí ó ti fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ lórí àga ọ̀rọ̀ àjèjì, tí Nàìjíríà ń ru ẹrù lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí kò mọ ABD pàápàá rí i, ó sì yé e. Ọgbọ́n wíwò àti jíjọ tí wọ́n ní kì í ṣe ti wa ni ó wá di pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀. Laṣekan náà kọ́ni, ní Yunifásítì Nsukka, nígbà tí ó yá.

Ní ọdún 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Zaria, Uche Okeke, Demas Nwoko, Yusuf Grillo, Bruce Onobrakpeya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò mú èyí tí ó dára nínú ti ilé àti ti àlejò, àwọn yóò sì pò ó pọ̀. Wọ́n ka ìjà Ọnàbólú àti Murray sí ìjà tí àwọn kò ní láti gbè sẹ́yìn ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ó rọrùn fún wọn láti sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé-ẹ̀kọ́, kò sí ẹni tí ń jiyàn pé wọn kò lè yàwòrán mọ́. Ẹnì kan ti parí iyàn náà fún wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ni ó kọ́kọ́ ń fi àdá lànà. Ọnàbólú kú ní ọdún 1963, ọdún tí a dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán Nàìjíríà sílẹ̀, tí Grillo sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún náà, Dapọ Ọnàbólú ọmọ rẹ̀ kọ àròkọ nípa rẹ̀ nínú Nigeria Magazine, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà ti mu omi.

Ní ọdún 1989, àwọn ayàwòrán kan tí ó jáde ní Yunifásítì Ifẹ̀ kó ara wọn jọ: Moyọ Okediji, Kunle Filani, Tọla Wewe, Bọlaji Campbell àti Tunde Nasiru. Ohun tí wọ́n ń wá yàtọ̀ pátápátá sí ti Ọnàbólú. Okediji lọ jókòó ti àwọn ìyá àgbà tí ń kun ògiri ojúbọ òrìṣà, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ilẹ̀ pupa, ẹfun àti èédú ṣe ọ̀dà, ó sì ń fi irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ya àwòrán. Bí ó ti ń yà ni ó ń kọ ìwé, ìwé rẹ̀ The Shattered Gourd jáde ní ọdún 2003, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Texas ní Austin. Campbell náà kọ ìwé tirẹ̀ lórí àwọn obìnrin akunlé wọ̀nyí. Àwọn tí Ọnàbólú kò rí nígbà tí ó ń kọ ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí lọ fi ṣe ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n sì ń wá orúkọ tí wọn yóò pe ẹgbẹ́ wọn, Ọnà ni wọ́n pè é.